Socrates, Confucius, Buddha àti Ọ̀rúnmìlà: báwo ni mo ṣe lè fi wọ́n wé ara wọn tí kò ní di àkójọ òwe?

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì níbí n'Ìbàdàn, iṣẹ́ àṣekágbá mi sì dá lórí àwọn olùkọ́ àtijọ́ mẹ́rin: Socrates ará Áténì, Confucius ará Ṣáínà, Buddha ní Íńdíà, àti Ọ̀rúnmìlà tiwa-n-tiwa. Ojú ìwé 50 ni wọ́n ní kó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ 10 ló kù.

Ohun tó kọ́kọ́ hàn sí mi ni pé nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé sílẹ̀ fún wa. Ẹnu ọmọ ẹ̀yìn la ti gbọ́ gbogbo wọn. Èkejì ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni kò jọra rárá. Socrates á bi ọ́ léèrè títí wàá fi rí i pé o kò mọ ohun tí o rò pé o mọ̀. Confucius á dáhùn ní gbólóhùn kan, á sì dákẹ́. Buddha á wo irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kó tó mọ èyí tó máa sọ. Ifá á sọ ìtàn ẹni tí irú ọ̀ràn rẹ ti bá rí, á wá fi ọ́ sílẹ̀ kí o fi ara rẹ wé e.

Mo wá to ọ̀rọ̀ ọgbọ́n wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní orí kejì, lábẹ́ àkòrí bí ìmọ̀, ìwà, ikú, Ọlọ́run. Olùbójútó iṣẹ́ mi dá a padà, ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Àkójọ òwe nìyí. Níbo ni àríyànjiyàn wà?"

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra tó máa ní eegun nínú? Ṣé ó bójú mu kí n fi Ọ̀rúnmìlà sórí ẹní kan náà pẹ̀lú Socrates, nígbà tí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí a mọ ọdún tí wọ́n pa á, tí èkejì sì jẹ́ òrìṣà? Báwo ni mo ṣe máa dá ojúlówó ọ̀rọ̀ wọn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbé kiri lórí WhatsApp? Mo sì fẹ́ fi Yorùbá pe àwọn kókó ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà; èwo ni kí n ṣọ́ra fún? Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá.

Bàbá_Òkè_Àrẹ̀

Olùbójútó rẹ kò ṣì í sọ, ọmọ mi. Àkòrí bí "ìmọ̀" tàbí "ikú" fẹ̀ ju pápá ìṣeré Lekan Salami lọ. Èèyàn mẹ́rin lè dúró sínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má fara kan ẹnìkejì. Wá ọ̀ràn kan ṣoṣo tí wọ́n jọ dá sí, kí o wá wo ibi tí ẹnu wọn ti yà.

Èyí tí màá fún ọ ni ọ̀ràn ọmọ tó fa bàbá rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́.

Áténì ni kí o kọ́kọ́ yà sí. Nínú ìwé Plato, ọmọ ẹ̀yìn Socrates, tí à ń pè ní Euthyphro, Socrates pàdé ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn níwájú ilé ẹjọ́. Socrates wá nítorí pé Meletus ti pè é lẹ́jọ́. Euthyphro ní tirẹ̀ wá pe bàbá tó bí i lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Alágbàṣe wọn kan ló mutí yó, tó pa ẹrú ilé. Bàbá dè é tọwọ́tẹsẹ̀, ó jù ú sínú kòtò, ó wá ránṣẹ́ sí Áténì láti béèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kí ìránṣẹ́ tó dé, ebi, òtútù àti okùn ti pa ẹni tó wà nínú kòtò. Ẹbí ní ọmọ tó gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dìde ti ṣẹ àwọn òrìṣà. Euthyphro ní rárá o, òun mọ ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ibẹ̀ ni Socrates ti mú un.

Má kàn kọ ọ́ pé "Socrates ń béèrè ìbéèrè". Tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Euthyphro kọ́kọ́ ní ohun mímọ́ ni ohun tí òun ń ṣe yìí, kéèyàn gbé ẹni tó ṣẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ìyẹn kò dúró, nítorí àpẹẹrẹ kan ló mú wá, àpẹẹrẹ kọ́ ni wọ́n bi í. Ó ní: ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ràn ni. Ìyẹn náà wó, torí òun fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn òrìṣà máa ń bára wọn jà. Ohun tí Zeus fẹ́ lè jẹ́ ohun tí Kronos kórìíra. Ó tún un ṣe: ohun tí gbogbo wọn jọ fẹ́ràn. Ìgbà náà ni ìbéèrè tó wà ní 10a (nọ́ńbà etí ìwé Plato) wọlé: ṣé torí pé ó mọ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àbí torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ló fi mọ́? Láti ibẹ̀ ó sá sídìí "ìtọ́jú àwọn òrìṣà", ó tún sá sídìí àdúrà àti ẹbọ, èyí tí Socrates ní ó jọ káràkátà. Nígbà tó yá, wọ́n tún bá ara wọn níbi "ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ràn". Ọkùnrin náà ní òun ń kánjú, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣàkíyèsí pé Socrates kò sọ fún un rí pé kó má pe bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́. Ìdánilójú rẹ̀ nìkan ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ka Crito, ìwé Plato mìíràn, 50d sí 51c mọ́ ọn. Níbẹ̀, àwọn Òfin Áténì ń bá Socrates sọ̀rọ̀ bí òbí ti ń bá ọmọ wí: bí kò bá tọ́ kí o fọwọ́ líle mú bàbá tàbí ìyá rẹ, báwo ni ti ìlú yóò ṣe tọ́? Èyí ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé Gíríìkì kò ka òbí sí.

Ní Ṣáínà, wo Analects, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Confucius, 13.18. Olórí agbègbè She ń yangàn fún Confucius pé ní ọ̀dọ̀ àwọn, ẹnì kan wà tó jẹ́ olóòótọ́ dé góńgó: bàbá rẹ̀ jí àgùntàn, ọmọ sì jẹ́rìí lòdì sí i. Confucius ní olóòótọ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn yàtọ̀: bàbá á bo ọmọ, ọmọ á bo bàbá, inú ìyẹn ni òótọ́ wà. Ó tán. Kò béèrè "kí ni òótọ́?" rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú nìyí: wọn á kọ ọ́ pé Confucius fọwọ́ sí olè jíjà. Fi 4.18 dí wọn lẹ́nu: ọmọ lè bá òbí rẹ̀ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọn kò bá gbọ́, kò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dẹwọ́ ọ̀wọ̀. Bíbo bàbá níta àti títọ́ bàbá sọ́nà nínú ilé kò tako ara wọn lójú rẹ̀.

Ní Íńdíà, wo Dīgha Nikāya, àkójọ ìwàásù gígùn Buddha, 31. Sigala, ọmọ onílé kan, máa ń jí wẹ̀ ní àárọ̀, pẹ̀lú aṣọ tútù lára, á forí balẹ̀ sí ìlà oòrùn, gúúsù, ìwọ̀ oòrùn, àríwá, ìsàlẹ̀ àti òkè, nítorí pé bàbá rẹ̀ pàṣẹ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Buddha kò ní kó jáwọ́. Ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà ni: ìlà oòrùn ni òbí, gúúsù ni olùkọ́, ìwọ̀ oòrùn ni ìyàwó àti ọmọ, àríwá ni ọ̀rẹ́, ìsàlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́, òkè ni àwọn tó fayé sílẹ̀ tọ ọ̀nà ẹ̀mí. Ọmọ ní ojúṣe márùn-ún sí òbí, òbí náà ní márùn-ún sí ọmọ, títí dé orí fífún un ní ogún lásìkò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Má fi tipá fà á wọ̀ ọ́. Ohun tí o máa rí mú níbẹ̀ ni bó ṣe pa àṣẹ bàbá mọ́, tó sì tún inú rẹ̀ ṣe.

Ní ti Ọ̀rúnmìlà, ìmọ̀ràn tèmi ni kí o fi í sílẹ̀. Mẹ́ta ti tó ojú ìwé 50: 6 fún ìbẹ̀rẹ̀, 8 fún orísun, 9 fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, 9 tó kù fún ibi tí ẹnu wọn ti yà. A mọ̀ pé wọ́n fún Socrates ní májèlé mu ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, ó tó ẹni 70 ọdún. Irú èyí kò sí fún Ọ̀rúnmìlà, àwọn tó máa ka iṣẹ́ rẹ yóò sì bi ọ́.

Àṣàkẹ́_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo kan fẹ́ fi kún ojú ìwé 8 ti orísun yẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń ka irú iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Akẹ́kọ̀ọ́, fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, àti ìgbà tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Socrates rọrùn díẹ̀. Aristophanes ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré orí ìtàgé ní 423 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó ṣì wà láyé. Plato àti Xenophon mọ̀ ọ́n lójúkojú, àwòrán tí wọ́n sì yà kò jọra: ti Xenophon jẹ́ àgbà onímọ̀ràn, ti Plato jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Aristotle ní tirẹ̀, 384 ni wọ́n bí i, ọdún 15 lẹ́yìn tí Socrates kú, nítorí náà ẹ má ka ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ti ẹni tó fojú rí i. Kódà ti Plato, ẹ wò ó dáadáa: nínú ìwé ìgbẹ́jọ́, ìyẹn Apology, ó dárúkọ ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà ní kóòtù, nínú Phaedo, ìwé ọjọ́ tí Socrates kú, ó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní 59b pé ara Plato kò yá lọ́jọ́ náà. Nítorí náà kò sí níbẹ̀.

Confucius, 551 sí 479 ṣáájú ìbí Jésù. Ìwé Analects ní apá 20, àwọn ọmọ ẹ̀yìn àti ọmọ ẹ̀yìn wọn ló kó o jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọwọ́ púpọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ìṣòro kan tó máa ń dójú tini: nọ́ńbà kò dọ́gba láti ìtẹ̀jáde kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ "ohun tí o kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ" jẹ́ 15.24 nínú òmíràn, 15.23 nínú òmíràn. Ẹ kọ ìtumọ̀ tí ẹ lò sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì gba nọ́ńbà ìwé kan, kí ẹ gba gbólóhùn ìwé mìíràn.

Fún Plato, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà létí ìwé, bí 10a, ni kí ẹ lò. Ìtẹ̀jáde ọdún 1578 ló ti wá, gbogbo ìtumọ̀ tó dáa ló sì gbé e. Nọ́ńbà ojú ìwé lásán kò wúlò fún ẹni tí ẹ̀dà tirẹ̀ yàtọ̀.

Ti Buddha, orí ni wọ́n fi gbé e fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn akéwì pín ìwé náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ kan ń ké apá yìí, ẹgbẹ́ kejì ń ké apá tọ̀hún, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Sri Lanka ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú ìbí Jésù. Ìdí nìyí tí gbólóhùn kan náà fi ń padà wá lemọ́lemọ́. Ọgbọ́n ìrántí ni, kì í ṣe àìmọ̀wéékọ.

Ní ti WhatsApp: ọ̀rọ̀ tí kò bá ní nọ́ńbà apá àti orí, ẹ jù ú nù. "Mọ ara rẹ" kì í ṣe ti Socrates. Ara tẹ́ńpìlì Apollo ní Delphi ni wọ́n kọ ọ́ sí. "Mo mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan" kò sí bẹ́ẹ̀ nínú Plato. Ohun tó wà ní Apology 21d kéré sí i, ó sì mú jù ú lọ: ohun tí n kò mọ̀, n kò rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní òun *mọ̀* pé òun kò mọ nǹkan kan ti ta ko ara rẹ̀. Ẹni ti 21d kò ta ko ara rẹ̀.

Wọ́n tún fẹ́ràn láti máa gbé ọ̀rọ̀ Buddha sí àwọn ará Kālāma kiri pé ẹ má gba nǹkan kan gbọ́. Ẹ lọ ka Aṅguttara Nikāya, àkójọ ọ̀rọ̀ Buddha mìíràn, 3.65 fúnra yín. Ó ní kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ torí pé àtìrandíran ni, tàbí torí pé ó wà nínú ìwé mímọ́, tàbí torí pé olùkọ́ wọn ló sọ ọ́. Kí wọ́n wo bóyá ó ń ṣeni léṣe, kí wọ́n sì wo bóyá àwọn ọlọ́gbọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Apá ti ọlọ́gbọ́n yẹn ni àwọn tó ń pín in máa ń gé kúrò.

Ọmọ_Awo_Òjé

Bàbá, ẹ dákun, n kò fẹ́ fi ẹnu ko ẹnu àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ Ọ̀rúnmìlà nítorí ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú, a jẹ́ pé ìwé ìrántí ìjọba la fi ń wọn fìlọ́sọ́fì.

Barry Hallen àti J. O. Sodipo kọ ìwé kan ní 1986 lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń lo "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Ohun tí ojú rẹ rí, tí o sì jẹ́rìí sí nínú ara rẹ, ìyẹn ni o mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣeé fọkàn tán tó, o gbà á gbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Socrates, Plato mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù, ó gba ti ọjọ́ ikú gbọ́, àwa sì gba méjèèjì gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́, ojú ìwé méjì tó dáa wà nínú èyí fún orí orísun rẹ.

Nítorí náà má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọdún tí Ọ̀rúnmìlà gbé ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti kọ odindi ìwé tó fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates. Kà á, kí o sì ka Peter Bodunrin, òun náà ará yunifásítì kan náà, tó béèrè ní 1981 bóyá àkójọ èrò àwọn baba wa tó láti pè ní fìlọ́sọ́fì bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tó sì ń ta kò ó. Ìbéèrè Bodunrin ni olùbójútó rẹ bi ọ́ létí ìwé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀ràn bàbá àti ọmọ tí Bàbá mú wá yìí sì wà nínú Ifá, nínú odù Ìwòrì Méjì. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, Alárá ni àkọ́bí, Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn. Ó ń ṣọdún, ó pè wọ́n. Wọ́n ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i: àborúbọyè, àbọṣíṣẹ. Ó kan Ọlọ́wọ̀, ó dákẹ́. Bàbá ní kó kí òun, ó ní òun kò lè kí i: bí bàbá ṣe dé adé lòun náà dé adé, wọ́n sì ní orí adé kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rúnmìlà bínú kúrò láyé, ó lọ sí ìdí ọ̀pẹ tó ya sí ọ̀nà 16. Ayé dàrú: aboyún kò bí, àgàn kò rí ọmọ fi gbọ́wọ́, odò gbẹ. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá. Kò padà. Ó fún wọn ní ikin 16, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń fẹ́, ìyẹn ni kí wọ́n máa bi.

Wo ohun tó wà níbẹ̀. Ní Áténì, ọmọ gbé bàbá lọ síwájú ìlú. Ní She, wọ́n ń bi ara wọn bóyá kí ọmọ sọ̀rọ̀ tàbí kó dákẹ́. Nínú Ìwòrì Méjì, ọmọ dákẹ́, dídákẹ́ náà sì ni ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí adájọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ kúrò, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló jẹ ìyà rẹ̀, aboyún àti àgàn. Ohun kejì: o ní o ń ṣe kàyéfì pé kò sí èyí tó kọ ìwé nínú wọn. Ẹsẹ yìí nìkan ló sọ *ìdí* tí a fi ń gbọ́ olùkọ́ láti ẹnu nǹkan mìíràn: ọmọ kò kí i, ó lọ, ikin ló fi rọ́pò ara rẹ̀. Nínú àwọn yòókù, èwo ló ní ìtàn bí olùkọ́ ṣe di ohun tí à ń dá?

Bí mẹ́ta bá ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, Sigala ni kí o yọ. Bàbá fúnra wọn ti ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Bí o ṣe máa lò ó rèé. Má kọ "Ifá sọ pé". Kọ orúkọ odù, ẹni tó kì í, ibi tó ti kì í, ẹni tó gbà á sílẹ̀ àti ọdún. Bí o bá kọ ọ́ láti inú ìwé, bí àwọn èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ń tẹ̀ jáde láti 1968, mú ẹsẹ náà lódindi, má fa ìlà méjì yọ. Ẹsẹ ní apá mẹ́jọ bí Abímbọ́lá ṣe tú u: orúkọ àwọn awo, ẹni tí wọ́n dá Ifá fún, ohun tó mú un wá, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀, bí inú rẹ̀ ṣe rí sí i, àti ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Apá àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn ni wọn kì í sábà yí. Àárín, níbi tí ìtàn wà, ni akífá máa ń fẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Nítorí náà bí awo méjì bá kì í fún ọ tí àárín kò dọ́gba, má sọ pé ọ̀kan ń purọ́.

Odù 256 ni wọ́n, 16 lọ́nà 16, ọ̀tún la sì ń kọ́kọ́ kà. Ogbè Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú Ogbè. Bí o bá yí i padà, odù mìíràn lo tọ́ka sí yẹn. Ṣùgbọ́n Èjì Ogbè àti Ogbè Méjì, ọ̀kan náà ni, Ọ̀ṣẹ́tùúrá sì ni Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kà wọ́n sí méjì nínú àtẹ kan ṣoṣo.

Bí o bá fẹ́ gbà á sílẹ̀ lẹ́nu babaláwo, gba àṣẹ kí o tó tan fóònù, béèrè odù kó tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kó kì í láìdá a dúró. Padà lọ lọ́jọ́ mìíràn fún ìbéèrè, pẹ̀lú ohun tí o ti kọ sílẹ̀. Wákàtí kan ohùn lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti kọ pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí náà má gba ju ìṣẹ́jú 40 lọ nínú ọ̀sẹ̀ 10 tó kù fún ọ. Má sì fo àmì ohùn. Orí àti òrí kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀kan la yàn lọ́run, ìkejì la fi ń para.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti gba ti bàbá àti ọmọ. Ìbéèrè kan: mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí Afùwàpẹ́ tó lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí lọ́run, mo fi wé ìtàn Er ní ìparí Republic, ìwé Plato, níbi tí àwọn ọkàn ti ń yan ìgbésí ayé tí wọ́n máa gbé kí wọ́n tó wá sáyé. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ọmọ_Awo_Òjé

Kò bá ọ̀ràn tuntun yìí mu, ṣùgbọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Ohun kan péré ni kí o tún ṣe níbẹ̀. Ìbáradọ́gba ni gbogbo èèyàn máa ń kọ, ìyàtọ̀ ló ní ẹran lára. Nínú Er, wọ́n kéde rẹ̀ ní 617e pé ẹni tó yàn ló ni ẹ̀bi, òrìṣà kò lẹ́bi. Gbogbo ayé ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n wò, ẹni àkọ́kọ́ sì kánjú mú ayé ọba oníkà. Nílé Àjàlá, ojú kò lè mọ orí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ti fọ́. Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílẹ̀ẹ́mèrè, àwọn ọ̀rẹ́ Afùwàpẹ́, fi ojú yàn, òjò wó orí wọn lọ́nà. Afùwàpẹ́ dúró gbọ́ ti Ifá, ó rúbọ, ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá ló wá bá a mú èyí tó dáa. Ibì kan, ọgbọ́n orí ẹni ló ń yanni. Ibì kejì, ẹni tí o bá ṣe dáadáa sí ni.

Bàbá_Òkè_Àrẹ̀

Ọmọ Awo, mo gbà fún ọ lórí Ìwòrì Méjì. N kò rántí pé ìkíni ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí ó yọ Sigala. Ojú ìwé márùn-ún ti tó fún un. Kí ó gbà á lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti lọ́wọ́ ti Áténì.

Àṣàkẹ́_Bódìjà

Ó ku ti ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.

Bàbá lo "ohun mímọ́" fún ohun tí Socrates ń bi Euthyphro. Ó ṣeé gbà lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì rẹ̀, hosion, sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pè é ní "ìwà-bí-Ọlọ́run", Ọlọ́run kan ṣoṣo ti wọlé, ìjà àwọn òrìṣà tó wó ìdáhùn kejì kò ní yé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá pè é ní "ohun tí inú àwọn òrìṣà dùn sí", ẹ ti bá Euthyphro dáhùn kí wọ́n tó bi í.

Daimonion Socrates kì í ṣe èṣù. Bíbélì Yorùbá ti lo Èṣù fún Sátánì láti ayé Crowther, bí ẹ bá sì kọ "ẹ̀mí èṣù", ẹ ti dá a lẹ́bi ju àwọn tó pa á lọ. Ohùn kan ni, láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ, kì í sọ fún un pé ṣe eléyìí. Ó kàn ń dá a dúró ni, Apology 31d. "Ohùn adánidúró" kò burú.

Junzi ti Confucius lè jẹ́ ọmọlúàbí, ó tilẹ̀ dùn: junzi jẹ́ ọmọ ìdílé olóyè tẹ́lẹ̀, kó tó di ẹni tó ní ìwà, bí a ṣe ń sọ pé ọmọlúàbí kì í ṣe ti ọlá ìdílé. Ẹ má sọ ren di ìfẹ́. Bí èèyàn ṣe ń ṣe sí èèyàn ló jù nínú rẹ̀. Li kì í ṣe ètùtù nìkan, bí a ṣe ń kíni àti bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀ wà níbẹ̀. Dukkha ti Buddha kì í ṣe ìyà nìkan: oúnjẹ aládùn tó máa tán wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ lo "àìrójú".

Àti àborúbọyè. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ibòmíràn, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ kú àárọ̀. Àdúrà ni, pé kí ẹbọ rú, kí ó yè, kí ó ṣẹ, awo ni wọ́n sì ń kí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di ẹ kú àárọ̀, òǹkàwé máa rò pé torí ìkíni lásán ni bàbá kan ṣe fi odò gbogbo ayé sílẹ̀ kó gbẹ.